Ìkọ́ṣẹ́ ní Ilẹ̀ Onílẹ̀: Bí Àwọn Iléeṣẹ́ Ọkọ̀ Àgbáyé Ṣe Ń Kọ́ Òṣìṣẹ́ Wọn

Toyota ti Japan ń kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà níṣẹ́ ní Kentucky. Volkswagen ti Jámánì ń kọ́ ọmọ Mẹ́síkò ní Puebla, ó sì ń kọ́ ọmọ South Africa ní Kariega. Suzuki ń kọ́ ọmọ Íńdíà ní Gujarat. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní àwọn ibi wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí ẹni tó ra Corolla kì í fẹ́ gbọ́ àwáwí nípa ìlú tí wọ́n ti tò ó. Èèyàn ló yàtọ̀: èdè tó ń sọ, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti jáde, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀, àti irú ojú tó rò pé ó yẹ kí ọ̀gá fi wo òun. Bí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ṣe ń tún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ṣe kó lè bá gbogbo nǹkan wọ̀nyí mu ni àyọkà yìí dá lé.

Ohun kan ń fara hàn léraléra nínú ìtàn wọn. Ìwé ìkọ́ni kò ṣòro láti túmọ̀, fídíò kò sì ṣòro láti fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, tí ẹ̀kọ́ náà dúró lé lórí nílé, kì í bá ẹrù wọ inú kọ̀ńtéńà. Iléeṣẹ́ tó bá jókòó tún àdéhùn yẹn ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó máa kó ẹ̀kọ́ lọ sí òkèèrè, àwọn ará òkèèrè ló kọ́kọ́ wá bá wọn nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là márùn-ún lójúmọ́ fún òṣìṣẹ́ ní Highland Park, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Àwọn tó rọ́ wá síbẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sì jẹ́ àjòjì láti Poland, Ítálì, Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún kan náà ni Ford dá ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe èdè iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀; wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹun lórí tábìlì, bí a ṣe ń fi owó pamọ́ àti bí a ṣe ń tún ilé ṣe. Níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi àfarawé pẹ̀lú aṣọ ìlú wọn lọ́rùn, wọ́n á wọ inú ìkòkò ràgàjì kan, wọ́n á sì jáde ní apá kejì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn àti àsíá Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n kí wọ́n se àwọn lọ́bẹ̀.

Èrò Ford ni pé kí òṣìṣẹ́ yí padà pátápátá kó lè bá iléeṣẹ́ mu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé iléeṣẹ́ náà lè ní ohun tí yóò yí padà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò ìkọ́ni kan kalẹ̀ ní 1940 tí wọ́n ń pè ní TWI (Training Within Industry). Nígbà tí àwọn ọkùnrin tó mọṣẹ́ lọ sójú ogun, àwọn tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ló kù nílé, àwọn ni wọ́n sì fi ètò náà kọ́. Ọ̀nà tí ètò náà ń gbà kọ́ni kò le rárá: mú ọkàn ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ balẹ̀, ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ kí o sì máa sọ ìdí tó o fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó ṣe é lójú tìrẹ, lẹ́yìn náà, máa yọjú sí i títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso Japan, wọ́n gbé ètò yìí lọ síbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí Toyota gbà á mọ́ra ní nǹkan bí ọdún 1950 sókè, tó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ bí olórí ikọ̀ ṣe ń kọ́ ẹni tuntun. Ọmọ Amẹ́ríkà tó rò pé ọgbọ́n Japan ni Toyota gbé wá kọ́ òun, ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ nígbà ogun ló ń gbà padà.

Fremont

Nínú gbogbo ìtàn ìkọ́ṣẹ́ yìí, ti Fremont ní California ni àwọn èèyàn ń sọ jù. General Motors ló ni iléeṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, òun ló sì tì í pa ní 1982. Orúkọ rere kọ́ ló ní. Lójoojúmọ́, bí èèyàn márùn-ún bá yẹ kó wá síṣẹ́, ọ̀kan lè má yọjú. Àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ fi kan ọ̀gá sì kún inú fáìlì. Ní 1983, GM àti Toyota fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò jọ ṣí ibẹ̀ padà lábẹ́ orúkọ NUMMI. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1984. GM fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ kékeré kó sì tún mú èrè wá. Toyota fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà lè ṣiṣẹ́ ní ìlànà tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ yẹn kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW tó ń ṣojú wọn tẹ́lẹ̀ ló sì tún ń ṣojú wọn.

Toyota kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn, pàápàá àwọn olórí ikọ̀, lọ sí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Takaoka, ní Ìlú Toyota. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n jókòó gbọ́ àlàyé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù, tí ọmọ Japan kan dúró tì wọ́n, tó ń ṣe é tí àwọn náà sì ń ṣe é.

Okùn kan wà tó gba orí ìlà iṣẹ́ náà kọjá. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé bóòtù kan kò wọlé dáadáa, yóò fa okùn náà. Orin á dún, iná á tàn lórí pátákó tó ń fi nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ hàn, olórí ikọ̀ á sáré dé. Bí àwọn méjèèjì bá rí i yanjú kí ọkọ̀ náà tó dé òpin ibùdó yẹn, wọ́n á tún okùn fà, iṣẹ́ á sì máa lọ láìdúró. Bí wọn kò bá rí i yanjú, gbogbo ìlà náà á dúró. Ní Fremont àtijọ́, ẹni tó bá dá ìlà dúró ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìyọkúrò ni. Kí ọkọ̀ sáà máa lọ ni ọ̀gá ń wí. Bó bá ní àbùkù, wọ́n á wá àwọn tí yóò tún un ṣe nígbẹ̀yìn. Èèyàn tó ti ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, tó wá rí i ní Takaoka pé nígbà tí òun ṣàṣìṣe tí òun sì fa okùn, ńṣe ni ọ̀gá wá bi òun léèrè bí ọ̀gá náà ṣe lè ran òun lọ́wọ́, ti kọ́ ohun tí ìwé kankan kò lè kọ́ ọ.

John Shook, ọmọ Amẹ́ríkà tí Toyota gbà síṣẹ́ nígbà náà láti bá wọn ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣàkóso kan ti MIT ní 2010 pé ìṣe ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà, èrò ọkàn sì tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni òótọ́ tó wà níbẹ̀. Toyota náà yí padà. Nílé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá ń dúnàádúrà jẹ́ ti iléeṣẹ́ náà nìkan. Ní California, UAW tó gbilẹ̀ ká gbogbo Amẹ́ríkà ló bá jókòó. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe, iléeṣẹ́ gbà pé òun kò ní dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ àfi bí ó bá di pé iléeṣẹ́ fẹ́ kú, àti pé kó tó di bẹ́ẹ̀, owó oṣù àwọn ọ̀gá ni wọ́n á kọ́kọ́ gé. Ẹgbẹ́ náà gbà kí wọ́n pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀rí iṣẹ́ pọ̀ di díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kan lè kọ́ iṣẹ́ ibùdó púpọ̀. Nígbà tí ọjà kò tà ní 1988, wọn kò lé àwọn èèyàn náà lọ sílé. Ẹ̀kọ́ àti àtúnṣe iṣẹ́ ni wọ́n fi wọ́n sí. Ta ni yóò fa okùn, tí yóò máa sọ bí iṣẹ́ ṣe lè yá sí i, bó bá mọ̀ pé yíyá tó bá yá sí i ni wọ́n á fi lé òun lọ? Àìwásíṣẹ́ já wálẹ̀ láti nǹkan bí ogún nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí méjì, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ sì wà lára èyí tó dáa jù ní gbogbo GM.

GM fẹ́ gbé e lọ sí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Ní Van Nuys, ní gúúsù California, wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ ikọ̀, wọ́n tún so okùn. Ṣùgbọ́n iye ọkọ̀ tó jáde ni wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n àwọn ọ̀gá, àwọn ọ̀gá sì ń bínú sí ẹni tó bá fà á. Wọ́n ti Van Nuys pa ní 1992. NUMMI ní tirẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di 2010, lẹ́yìn tí GM ti yọwọ́. Tesla ló wà nínú ọgbà náà báyìí.

Wákàtí mélòó?

Ní 1990, James Womack, Daniel Jones àti Daniel Roos tẹ ìwé The Machine That Changed the World jáde láti inú ìwádìí MIT lórí iléeṣẹ́ ọkọ̀ káàkiri ayé. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti fi wákàtí tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun wéra. Àwọn iléeṣẹ́ Japan nílé ń lo 380; àwọn iléeṣẹ́ Japan tó wà ní Àríwá Amẹ́ríkà ń lo 370; àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà fúnra wọn nílé ń lo 46; àwọn ti Yúróòpù ń lo 173. Èyí tó yẹ kéèyàn wò dáadáa ni 370 àti 46, nítorí ilẹ̀ kan náà ni, òfin kan náà, àwọn ọmọ tó jáde nírú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Wákàtí ìkọ́ṣẹ́ ni àwọn ará Japan kò gbà láti dín kù nígbà tí wọ́n dé òkèèrè. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún onílẹ̀ ni bí wọ́n á ṣe máa pe ara wọn, bí wọ́n á ṣe máa bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ àti ẹni tí yóò san lára owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó fẹ́ fa iléeṣẹ́ mọ́ra ń san lára rẹ̀. Ní ti ìkọ́ni fúnra rẹ̀, irú ohun tí Toyota ṣe ni Nissan náà ṣe nígbà tó dé Smyrna ní Tennessee ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àti ní Sunderland, ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti jáde ní 1986: àwọn alábòójútó ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí Japan, àwọn yẹn sì padà wá kọ́ àwọn tó kù.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ó ń gba èèyàn púpọ̀. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí Toyota dá sílẹ̀ lókèèrè ní ìyá kan ní Japan tó ń rán olùkọ́ sí i. Nígbà tí àwọn ọmọ pọ̀ jù, ọmú ìyá kò tó mọ́. Ní 2001, Toyota kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kan, ohun tí ẹnu ni wọ́n fi ń sọ tẹ́lẹ̀. Ní 2003, ó ṣí ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbogbogbòò kan ní Motomachi, níbi tí wọ́n ti ya fídíò bí ọwọ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́ ṣe ń di bóòtù mú, bó ṣe ń fọ́n ọ̀dà, igun tí ọrùn ọwọ́ wà. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Thailand. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Japan lè wo ọwọ́.

Àwọn ará Jámánì àti ìwé-ẹ̀rí

Ọ̀nà ti Jámánì yàtọ̀. Níbẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń lo apá kan ọ̀sẹ̀ nínú iléeṣẹ́, ó sì ń lo apá kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ìjọba ń bójú tó, fún bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́ta àti ààbọ̀. Òfin ọdún 1969 ló de ètò náà mọ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ kọ́ ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àti oníléeṣẹ́ ló ń ṣe ìdánwò. Nítorí náà, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Volkswagen lè mú ìwé rẹ̀ lọ bá BMW. Ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ inú iléeṣẹ́ náà lẹ́nu nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn.

Irú nǹkan báyìí, tí òfin, ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ oníléeṣẹ́ àti ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ jọ gbé ró, kò ṣeé gbé sórí báàlù. Nígbà tí Volkswagen ṣí iléeṣẹ́ ní Chattanooga, ní Tennessee, ní 2011, ó ti dá ilé-ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ àtúnṣe ẹ̀rọ àti róbọ́ọ̀tì, ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n sì ń gbà jẹ́ èyí tí Jámánì mọ̀. BMW, tó ti ń ṣe ọkọ̀ ní Spartanburg ní South Carolina láti 1994, gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó yí i ká: akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí kíláàsì, ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́, BMW sì ń ràn án lọ́wọ́ lórí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ní Jámánì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó di ìgbà tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, torí pé òbí ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun fi yunifásítì sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lára ìwé-ẹ̀rí náà ń tu irú òbí bẹ́ẹ̀ nínú.

Apá tó le jù ni ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òun kọ́ ló dá a. Ní Chattanooga, òṣìṣẹ́ dìbò lórí UAW ní 2014, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n tún dìbò ní 2019, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ní 2024 ni wọ́n tó gbà á, pẹ̀lú ìbò 2,628 sí 985. Fún ọdún mẹ́tàlá gbáko, ẹ̀kọ́ Jámánì ń lọ níbẹ̀ láìsí ohùn òṣìṣẹ́ tó máa ń bá a rìn nílé.

Ní Czech, Volkswagen dán nǹkan mìíràn wò. Nígbà tó gba Škoda ní 1991, ó fi ọ̀gá Jámánì kan àti ọ̀gá Czech kan sórí ipò kan náà, méjì-méjì bí ìbejì, kí ará ilé lè kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àjòjì kí àjòjì tó padà sílé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó ta àwọn ará Czech lára díẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Iléeṣẹ́ tó ti wà láti 1895, tó sì ti ní ilé-ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ láti 1927, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ tó bá kọ́kọ́ bi onílẹ̀ léèrè ohun tó ti mọ̀ kì í dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sára.

Íńdíà: oúnjẹ kan náà, owó méjì

Maruti Suzuki ni ìtàn tó kún jù. Ní 1982 ni ìjọba Íńdíà àti Suzuki fọwọ́ sí àdéhùn; ọkọ̀ àkọ́kọ́, Maruti 800, jáde ní Gurgaon ní oṣù Kejìlá 1983. Wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Japan láti lọ kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ya Íńdíà lẹ́nu kò sí ní Japan, ilé oúnjẹ iléeṣẹ́ ló wà. Ọ̀gá àgbà àti ẹni tó ń di bóòtù ń tò sórí ìlà kan náà láti gba oúnjẹ kan náà. Aṣọ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Ọ́fíìsì ọ̀gá kò ní ògiri. Láàárọ̀, gbogbo wọn jọ ń ṣe eré ìmárale. Ní ilẹ̀ tí ẹni tó bá ẹni jẹun ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdílé àti ìran láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ́ńjíníà sì rò pé òun ti ka ìwé kọjá kí òun fọwọ́ kan sípánà, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Japan kò yí i padà kó lè bá àṣà Íńdíà mu. Ó dúró lé e, ó sì jẹ́. Àwọn tó máa ń sọ pé kí àjòjì máa tẹ̀ lé àṣà onílẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, kí wọ́n rántí Gurgaon: àwọn àṣà kan wà tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń dúpẹ́ pé ẹnìkan bá òun já a.

Ọdún bí ọgbọ̀n lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ kan náà fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní Manesar, tí kò jìnnà sí Gurgaon, Maruti ní iléeṣẹ́ tuntun tó kún fún ọ̀dọ́. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ dáadáa, ọwọ́ wọn yá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ alágbàṣe, tí owó wọn kéré púpọ̀ sí ti àwọn tí iléeṣẹ́ gbà tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2012, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dáná sun apá kan iléeṣẹ́ náà, ọ̀gá kan kú, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fara pa. Iléeṣẹ́ náà wà ní títì fún nǹkan bí oṣù kan. Ilé oúnjẹ kan náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Toyota náà wà ní Íńdíà, ní Bidadi, lẹ́bàá Bengaluru. Ní 2007, ó ṣí ilé-ìkọ́ṣẹ́ kan níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà láti ìgbèríko Karnataka tó parí kíláàsì kẹwàá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọn kò sì sanwó. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìjórin, ọkọ̀ kíkùn àti ìtòpọ̀, wọ́n tún ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń jí ní kùtùkùtù àti bó ṣe ń pa àkókò mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà dára. Síbẹ̀, ìjà owó oṣù di ìtìpa iléeṣẹ́ ní 2014, ìdaṣẹ́sílẹ̀ sì tún wáyé ní 2020. Ní 2016, ìjọba Japan àti ti Íńdíà fọwọ́ sí ètò láti kọ́ 30,000 èèyàn láàárín ọdún mẹ́wàá ní irú ilé-ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Suzuki àti Toyota sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e.

Níbi tí òfin ti ń kọ́ iléeṣẹ́

Ní àwọn ilẹ̀ kan, ìjọba kì í dúró de ìfẹ́ inú iléeṣẹ́. Ní Brazil, iléeṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún SENAI, àjọ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1942. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó dé São Paulo lẹ́yìn ìgbà náà bá a níbẹ̀, òun ni wọ́n sì bá ṣiṣẹ́ dípò kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lula, tó di ààrẹ Brazil, kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọrin lọ́dọ̀ SENAI.

South Africa ní ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Títí di ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kọ́ṣẹ́ dé ipò akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Volkswagen, BMW àti Mercedes ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1990, àwọn òṣìṣẹ́ Mercedes ní East London to ọkọ̀ pupa kan fún Nelson Mandela, iléeṣẹ́ fún wọn ní àwọn ẹ̀yà rẹ̀, àwọn náà sì ṣiṣẹ́ lé wákàtí wọn láìgba owó. Kò sí ẹni tó tún lè sọ pé wọn kò mọṣẹ́. Òfin ìmọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1998, àti owó orí ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé e, tí òun náà jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, fi tipátipá sọ ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ dúdú di ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ jíhìn rẹ̀. Ilẹ̀ náà ní èdè àjùmọ̀lò mọ́kànlá nígbà náà, nítorí náà àmì, àwòrán àti àwọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú iléeṣẹ́ wọn.

Nàìjíríà

Ní oṣù Kẹta 1975, iléeṣẹ́ ọkọ̀ méjì ṣí ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kaduna àti Volkswagen of Nigeria lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Èyí tó wà ní Èkó ló ń to ọkọ̀ tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, òun ló sì to Brasília tí wọ́n sọ ní Igala fún ọjà wa. Leyland ń to ọkọ̀ ńlá ní Ìbàdàn. Ẹ̀yà ọkọ̀ ń ti òkèèrè dé nínú àpótí, òṣìṣẹ́ ń jó o pọ̀, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń so ó mọ́ra.

Ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ kì í ju ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ lọ. Iléeṣẹ́ tó ń gba àpótí ẹ̀yà kì í nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin ẹ́ńjìnnì tàbí bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọkọ̀. Ẹni tó lè tò ó láìjẹ́ kó ní àlàfo ló nílò. Ìrètí ni pé ẹ̀yà tí a ó máa ṣe nílé yóò máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún, kí ẹ̀kọ́ sì máa jìn sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó òkèèrè láti fi ra àpótí wọ̀n, ọkọ̀ tòkúnbọ̀ gba títì, iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó sì dáwọ́ dúró nínú àwọn ọdún 1990. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ ní 2013, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Nissan àti Hyundai nínú ọgbà kan náà. Àpótí náà ló ṣì ń dé.

Ohun tí a ní tí àwọn ará Jámánì ń fi owó ńlá gbé kiri ni àṣà ìkọ́ṣẹ́. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n wá ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún, mọ ọkọ̀ látòkè délẹ̀ ju ẹni tó dúró ní ibùdó kan nínú iléeṣẹ́ lọ. Ohun tí kò ní ni ìwé tí iléeṣẹ́ mìíràn yóò gbà gbọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó wọ Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ so ẹ̀kọ́ wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ni àǹfààní tó tóbi jù ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Síbẹ̀, òfin ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ wa kò ṣófo. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, tó sì jókòó sí Jos, ló ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù lọ́dọọdún lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Òun ló wà lẹ́yìn ètò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT. Iléeṣẹ́ tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́ lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Ọ̀dọ́ tó bá rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀, kó bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nípa ìwé tí yóò gbà lẹ́yìn ìkọ́ṣẹ́: ṣé ti iléeṣẹ́ yẹn nìkan ni, àbí èyí tí NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, mọ̀ tí yóò sì tún wúlò fún un níbòmíràn bí àpótí kò bá dé mọ́?